Àwòrán Kọkànlélọ́gbọ̀n

Ẹnìkan ti da nǹkan funfun sórí tábìlì Verna Kilgariff, inú sì ń bí i.

Kì í ṣe tábìlì tó wà níwájú rẹ̀ báyìí o. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba, wọ́n fi nọ́ọ̀tì kàn án mọ́lẹ̀ nínú yàrá àtìmọ́lé àwọn obìnrin ní Tarrandool. Tábìlì tí à ń sọ wà ní ilé ìjẹun àwọn agẹrun àgùntàn ní oko Belarra, ìrìn wákàtí méje sí ibẹ̀. Inú àwòrán ló ti rí i, ojú ìwé igba ó lé mẹ́tàdínlógún nínú ẹ̀rí tí ọlọ́pàá kó jọ láti fi dè é, àwòrán kọkànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n ya á ní àárọ̀ ọjọ́ kejì iná. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ti sọ ọ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Síbẹ̀ Verna rí àwọn nǹkan funfun náà, wínníwínní, káàkiri orí aṣọ rọ́bà.

"Ta ló da ìdọ̀tí sórí tábìlì mi?" ó bi ara rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń dáná fún àwọn agẹrun, láti oko kan dé èkejì, jákèjádò Queensland. Ẹni tó bá jẹun lórí tábìlì rẹ̀ tí kò nu ojú ibi tó jókòó sí, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì. Torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ló kọ́kọ́ mú un tẹjú mọ́ àwòrán yẹn. Ìbínú alásè lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá, Verna sọ fún Clive Mottram, ọkùnrin tó ni oko Belarra, pé ìlẹ̀kùn irin kan tó ti dá nínú àká ìgẹrun máa pa èèyàn lọ́jọ́ kan. Ìlẹ̀kùn ọ̀hún ti gún òun fúnra rẹ̀ ní ìbàdí lẹ́ẹ̀mejì, níbi tó ti ń gbé tíì wọlé fún àwọn ọkùnrin. Ojú gbogbo wọn ló ti sọ ọ́, kò sì fi omi là á. Mottram lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, àká náà jóná di eérú. Mottram sọ fún ọlọ́pàá pé àwọn agẹrun ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, pé nígbà tí wọ́n jáde lọ mu tíì aago mẹ́ta, òun rí Verna tó gbé kẹ́ẹ̀gì pupa yí ẹ̀yìn àká ká, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí iná sọ.

Wọ́n rí kẹ́ẹ̀gì náà. Ti ìdáná Verna ni. Àmì ìka ọwọ́ Verna ló wà lára rẹ̀. Ìka ta ni ì bá tún wà lára kẹ́ẹ̀gì alásè?

Verna ní òun wà nínú ilé alágbèérìn, irú èyí tí ọkọ̀ ń fà, tó jẹ́ ti àbúrò òun, ní ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ yẹn. Àbúrò ti rìnrìn àjò. Ajá nìkan ló rí i, ajá kì í sì í wá sí kóòtù.

*

Ní ọjọ́ Ajé, lọ́yà rẹ̀ mú ìwé wá. Tegan Lazarou lorúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ ìgboro Brisbane, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ìjọba ló ń gbé irú wọn fún ẹni tí kò lágbára lọ́yà.

"Àǹtí Verna, tí ẹ bá gbà pé ẹ jẹ̀bi kí kóòtù tó jókòó láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọdún mẹ́ta ni agbẹjọ́rò ìjọba máa béèrè. Tí ẹ ò bá gbà, tí wọ́n wá dá yín lẹ́bi, ó lè tó mẹ́sàn-án."

"Ṣé o gbà pé mo jẹ̀bi?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ mà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni mò ń sọ."

"Ṣé o ti wo gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ọ̀hún? Àwọn àwòrán, àwọn fídíò?"

Tegan wo bàtà ara rẹ̀. "Mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí. Fáìlì ogójì èèyàn ló wà lọ́wọ́ mi."

"Mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n ìwọ ò tíì wò ó, èmi náà ò tíì wò ó, wọ́n sì ní kí n fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Tí mo bá fi mẹ́sàn-án kún un, arúgbó ni màá jáde. Mo mọ̀. Gbé bírò rẹ kúrò, mi ò fọwọ́ sí ohun tí mi ò fojú rí."

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gbogbo ẹ̀rí náà, àwòrán, fídíò, ìwé, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Kọ̀ǹpútà méjì péré ni wọ́n gbé sí yàrá ìkàwé Tarrandool fún obìnrin mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó ń dúró de ẹjọ́, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ti kú láti Kérésì. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á kọ fọ́ọ̀mù. Verna ti kọ mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pè é, ẹ̀rọ náà sì fi gbogbo wákàtí yẹn béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ohun tí wọ́n wá fi tù ú nínú ni bébà dúdú wọ̀nyí, tí wọ́n tẹ̀ láti inú fáìlì láì bìkítà bóyá ó hàn tàbí kò hàn.

Ó mú àwòrán kọkànlélọ́gbọ̀n lọ bá wọ́dà tó ń mójú tó yàrá ìkàwé. Garbutt ni wọ́n ń pè é, obìnrin tó ga, tó fẹ́ràn kéèkì.

"Mo fẹ́ wo èyí kó tóbi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Garbutt yẹ ìwé wò. "Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kàn ẹ́."

"Ọjọ́ Ẹtì yìí ni ẹjọ́ mi."

"Èmi kọ́ ni mo mú ẹ wá síbí, Verna."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ lò ń jẹ kéèkì mi."

Ó yí padà, ó sì lọ sí ìdáná ọgbà náà, níbi tó ti ń se oúnjẹ fún gbogbo wọn láti oṣù mẹ́rin, ẹlẹ́wọ̀n àti wọ́dà. Ó bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí káńtà, ó padà lọ jókòó sí yàrá rẹ̀.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sọ́séèjì tí wọ́n gbé wá dúdú lóde, pupa nínú. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ọ́ọ̀tì tí wọ́n pín dì bí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́rú, gbogbo obìnrin inú ọgbà ti mọ ohun tó fa ọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó bú Verna. Wọ́n kàn ń fi ṣíbí lu àwo, gbogbo wọn pọ̀, láì sọ̀rọ̀, títí ọ̀gá àgbà ọgbà náà fi jáde ní ọ́fíìsì.

Rhonda Quilty ni ọ̀gá àgbà ọ̀hún. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá Verna, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Ṣé o fẹ́ da ọgbà mi rú ni?"

"Rárá o, Ọ̀gá. Mo kàn jókòó ni. Ẹni tí wọn ò tíì dá lẹ́bi, iṣẹ́ kì í ṣe dandan fún un. Òfin yín ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wà ní ojú ìwé kẹrin ìwé tí ẹ kó fún mi lọ́jọ́ tí mo dé."

"O kà á?"

"Kí ni mo tún fẹ́ kà? Ẹ̀rí mi wà nínú kọ̀ǹpútà."

Quilty fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. "Àwọn wọ́dà mi ń lọ ra búrẹ́dì níta, Verna."

"Mo ti gbọ́."

"Wákàtí kan. Ọ̀la, aago mẹ́sàn-án. Garbutt á ti wá ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn. Tó bá ti lu mẹ́wàá, ó parí."

"Kí ẹ sì fún mi ní pẹ́ńsùlù àti bébà."

"Kí ìwọ náà padà sí ìdáná."

"Tí mo bá ti rí i pé ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́," Verna wí. Bí wọ́n bá gbà á láyè, obìnrin yìí á ná Ọlọ́run lọ́jà.

*

Aago mẹ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Garbutt gbé àga ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ká apá. Kọ̀ǹpútà ké, ó dákẹ́, ó tún ké, ó wá ṣí.

Àwòrán kọkànlélọ́gbọ̀n ni Verna ì bá kọ́kọ́ ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kẹ́ẹ̀gì ń bà á ju ìbínú tábìlì lọ, torí kẹ́ẹ̀gì ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé fídíò kan wà láti ilé epo ìlú Wirrabilla, níbi tí obìnrin kan ti ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì pupa ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kan ṣáájú iná. Ó wá fídíò náà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá kó tó ṣí.

Obìnrin kan yọ. Àkẹtẹ̀ fífẹ̀, sókòtò, ara tó kún díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì pupa.

"Ìwọ nìyẹn," Garbutt wí.

Àyà Verna já, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Àní ó rò ó wò fún ìṣẹ́jú àáyá bóyá òun ni lóòótọ́. Ó wá tẹjú mọ́ bí obìnrin náà ṣe ń rìn. Ó dúró dìgbà tó yíjú.

"Kì í ṣe èmi. Obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Epo ẹ̀rọ ìgékoríko ló ń rà, gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń rà á."

"Ṣé ó wá dá ẹ sílẹ̀ nìyẹn?"

"Kò dá mi sílẹ̀. Wọ́n á kàn ní mo ra tèmi níbòmíràn." Ó wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ti lọ.

"O ti fi àkókò ṣòfò," ni Garbutt wí, ṣùgbọ́n kò fi ṣẹ̀sín.

Ìgbà náà ni Verna ṣí àwòrán kọkànlélọ́gbọ̀n. Ó hàn kedere, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Aṣọ rọ́bà olódòdó. Ife tíì kan. Ní àárín tábìlì, àkẹtẹ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òkè. Àwọn nǹkan funfun náà jẹ́ bébà kéékèèké tí wọ́n fà ya, wọ́n dà á sílẹ̀ láti inú àkẹtẹ̀ náà. Verna mọ ìlà búlúù tó wà lára bébà náà. Inú ìwé tó ń kọ oúnjẹ sí ni wọ́n ti ya á, ìwé tó gbàgbé sórí pẹpẹ lọ́jọ́ tí wọ́n lé e.

Ó mú kí ó tóbi sí i. Ó tún mú kí ó tóbi sí i. Méje ni bébà náà. Méjì dojú délẹ̀. Márùn-ún kọjú sókè, wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tútù. Tútù. Gbẹ. Tútù. Tútù.

Verna fi ẹ̀yìn ti àga, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé Garbutt dìde.

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Ìlú wo ni wọ́n ti bí ẹ?"

"Gold Coast."

"Etí òkun. O ò lè mọ̀ ọ́n. Jókòó." Verna fi pẹ́ńsùlù tọ́ka. "Tí òjò bá pa àgùntàn, agẹrun kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Irun tútù á da eéwo sí wọn lára, á wọ inú eegun wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni oko á ní kò tutù tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa gẹ̀ ẹ́ lọ. Kí ìjà má bàa wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á gẹ àgùntàn méjì láàárọ̀, á fọwọ́ kan irun náà, lẹ́yìn náà wọ́n á dìbò. Ìbò ìkọ̀kọ̀, inú àkẹtẹ̀, kí ọ̀gá má bàa mọ ẹni tó kọ kí ni. Tí ìbò tútù bá pọ̀ jù, kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á da àgùntàn padà sí pápá kó lọ gbẹ, àwọn ọkùnrin á lọ sílé ọtí ìlú."

"Wọ́n ń dìbò lórí àgùntàn?"

"Láti ayé àwọn bàbá wọn. Agẹrun méje ló wà ní Belarra. Tútù mẹ́rin ni mo kà yìí. Ohun yòówù tó bá wà lára méjì tó dojú délẹ̀, mẹ́rin nínú méje ti borí."

Garbutt tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n di ìbò yìí?"

Verna wò ó pẹ̀lú ojú tuntun. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. "Ó dáa. Èmi wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, odindi ni ìwé mi wà. Ní Ọjọ́rú, wọ́n gẹ àgùntàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún, Mottram fúnra rẹ̀ ló fi ìwé rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ojú ìwé kejìdínláàádọ́rùn-ún. Ìwé ti Ọjọ́bọ̀ dà? Kò sí. Ní ọjọ́ Ẹtì, àká ti di eérú. Ọjọ́ wo ló kù?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Mo gbọ́ lórí rédíò nínú ilé àbúrò mi pé òjò wà lápá ibẹ̀ lóru Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n òjò tiwa lè pa oko kan kó má kan aládùúgbò rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó pa Belarra."

"Wọn ò lè gẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti yọ?"

"Ó ṣeé ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ tún ìbò dì, bébà á di mẹ́rìnlá. Méje lo rí. Àgùntàn á sì wà nínú àká." Ó ti ń ṣí àwọn àwòrán àká lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin tó ká kò, eérú, páànù. Gbogbo ìlẹ̀kùn ọgbà àgùntàn ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí eegun àgùntàn kan. "Wò ó. Àká ṣófo kí iná tó sọ. Àwọn agẹrun ò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jáde lọ mu tíì aago mẹ́ta. Mottram nìkan ló wà ní gbogbo oko yẹn, ó sì ní òun dúró ti àwọn ọkùnrin méje tó ń ṣiṣẹ́."

"Àwọn agẹrun fúnra wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá?"

"Ọlọ́pàá kò bi wọ́n. Ẹlẹ́rìí méjìlá, kò sí agẹrun kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì wọ́n ti kọjá sí oko mìíràn, ní New South Wales. Ọlọ́pàá kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti lọ, ó pa ìwé dé."

Garbutt tún fà sún mọ́ ọn. Ó ti gbàgbé pé iṣẹ́ òun ni láti máa wo aago. "Tí Mottram bá mọ̀ pé wọ́n dìbò, kí ló dé tí kò kó àwọn bébà yẹn kúrò?"

"Torí alásè ló máa ń jó o." Verna rọra sọ ọ́. "Tí wọ́n bá ti ka ìbò tán, wọ́n á dà á fún mi, èmi á jù ú sínú ààrò kí ọ̀gá má bàa yẹ ọwọ́ ìkọ̀wé wò. Ogójì ọdún ni Mottram ti wà nínú oko, kò fọwọ́ kan bébà ìbò rí. Kò jẹ́ wá sí i lọ́kàn. Ó ti lé ẹni tó máa ń jó o."

Ó kù kó mọ ohun tó dá iná náà. Àwòrán kẹrìnlélógójì ló dáhùn. Ìlẹ̀kùn irin tó ń gún un ní ìbàdí ló dúró sáàárín eérú, dúdú, ṣùgbọ́n kò dá mọ́. Àpá ìjórin yí ojú ibi tó dá ká. Irin ẹlẹ́nu kan bu ìlẹ̀kùn náà jẹ nísàlẹ̀, kò tíì jábọ́. Ọlọ́pàá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: irin, a kò mọ ohun tó jẹ́.

"Èyí mo mọ̀ ọ́n," Garbutt wí. "Wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Irin ẹlẹ́nu yẹn ni wọ́n fi ń gbá nǹkan mú tí wọ́n bá ń jó o."

"Iná ìjórin, nínú àká tí ọ̀rá irun àgùntàn ti mu pákó ilẹ̀ rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún," ni Verna wí.

Verna kọ nọ́ńbà àwòrán àti ojú ìwé sórí bébà rẹ̀. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin nígbà tó fúnra rẹ̀ pa ẹ̀rọ náà.

"Àkókò rẹ kò tíì tán," Garbutt wí.

"Mo ti rí ohun tí mo ń wá."

*

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún un lórí fóònù. Tegan kò gbà á gbọ́.

"Àǹtí, ẹ ní wọ́n dìbò bóyá àgùntàn tutù?"

"Fetí sílẹ̀, ọmọ mi. Agẹrun kan wà, Hemi Parata, ọmọ New Zealand, òun ni aṣojú wọn, òun ló máa ń ka ìbò. Pe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n mọ oko tó wà. Ní kó wá. Tí kò bá dé, ṣe bí mo bá ti sọ."

"Ẹ tún rò ó. Ọdún mẹ́ta yẹn, tí kóòtù bá ti jókòó, wọ́n á gbà á padà. Tí Hemi ò bá wá, tí adájọ́ ò bá gbà..."

"Kí wọ́n gbà á padà. Mú bírò. Má bi Mottram nípa òjò o. Má dárúkọ ìbò. Jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ kó àgùntàn kún àká."

*

Wọn ò gbé Verna lọ sí kóòtù. Yàrá kékeré kan ní Tarrandool ni wọ́n gbé e jókòó sí ní ọjọ́ Ẹtì, níwájú tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà, ó sì ń wo kóòtù Wirrabilla láti ibẹ̀. Ó rí Mottram tó wọ ẹ̀wù dúdú. Ó rí Tegan. Kò rí Hemi.

Strickland, agbẹjọ́rò ìjọba, dìde. "Ìgbà ìkẹyìn nìyí. Ṣé obìnrin yìí gbà pé òun jẹ̀bi?"

"Mi ò gbà," Verna wí, kí Tegan tó la ẹnu.

Adájọ́ Ogilvie, bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti gbó sínú oòrùn, kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ti lọ. Ó ku mẹ́sàn-án tàbí òmìnira.

Tegan dojú kọ Mottram. "Ọ̀gbẹ́ni Mottram, ṣé àwọn agẹrun ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn?"

"Láti aago méje ààbọ̀ títí di mẹ́ta. Mo dúró tì wọ́n."

"Àgùntàn wà nínú àká?"

"Ó kún fọ́fọ́."

"Nígbà tí iná sọ, ta ló lé wọn jáde?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin nìkan? Àwọn ọkùnrin méje ń mu tíì ní ogún ìṣísẹ̀ sí yín."

"Wọn ò tètè mọ̀."

Adájọ́ gbé ojú sókè. Tegan gbé àwòrán kọkànlélọ́gbọ̀n sójú tẹlifíṣọ̀n kóòtù, ńlá gbàǹgbà. "Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Mottram wò ó. Verna, láti ìrìn wákàtí méje, rí i bí ọrùn ọkùnrin náà ṣe ń pọ́n. "Àkẹtẹ̀," ó wí. "Àti bébà."

"Ẹ bá mi ka ohun tó wà lára bébà náà."

Kò kà á. Adájọ́ ló kà á fúnra rẹ̀, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn. "Tútù. Tútù. Gbẹ. Tútù. Tútù."

Strickland dìde. "Olúwa mi, mi ò rí ohun tí èyí kàn wá."

"Jókòó. Inú àká ni wọ́n tọ́ mi dàgbà." Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Agẹrun mélòó lẹ ní, Mottram?"

"Méje."

"Mẹ́rin ti sọ pé ó tutù. Ta ni ẹ wá dúró tì títí di aago mẹ́ta?"

Tegan ní Hemi Parata wà lójú ọ̀nà, pé ó ti pe òun láti ilé epo tó gbẹ̀yìn, kò ní ju wákàtí kan lọ. Mottram wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Tegan gbé ìlẹ̀kùn irin náà sókè, àwòrán kẹrìnlélógójì.

"Ta ló jó irin yìí, Ọ̀gbẹ́ni Mottram?"

Nígbà tí Mottram máa sọ̀rọ̀, Verna ló ń wò lójú tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe adájọ́. "Ojú gbogbo wọn lo ti bú mi. Mo ní kí n tún un ṣe kí wọ́n tó padà, kó má bàa dà bíi pé ìwọ lo sọ òótọ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bàbá àgbà ìyàwó mi ló kọ́ àká yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyàwó mi pé èmi ni mo jó o?"

Inú Verna kò yọ́ sí i. Ó wá ọ̀rọ̀ ìyọ́nú nínú ara rẹ̀, kò rí i.

Mottram ní òun kò ní sọ ohunkóhun mọ́ títí òun á fi rí lọ́yà. Strickland bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú oṣù kan, kí ìjọba lè tún ẹ̀rí náà yẹ̀ wò.

"Oṣù kan?" Adájọ́ wí. "Kí obìnrin yìí máa wà níbo?" Ó pa fáìlì dé. Ó ní kò sí ẹjọ́ tí Verna Kilgariff ní láti jẹ́, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un lónìí. Ó wá kọjú sí kámẹ́rà. "Màdáámù, ojú tì mí. Ṣé ẹ ní ohunkóhun láti sọ?"

Tegan mi orí pé kó dúpẹ́, kó jókòó. Verna dìde.

"Àwòrán yẹn ti wà lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ kejì iná, Olúwa mi. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò nínú àtìmọ́lé, wọ́n sì ní kí n fi ọdún mẹ́ta kún un. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mo lò, mo sì tún fi mẹ́tàlélógún ṣòfò nínú rẹ̀. Obìnrin méjìlélọ́gọ́ta ló kù níbí. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, alásè ni mí. Ẹ wá sọ fún mi ohun tó wà nínú fáìlì tiwọn."